Ọmú àtọwọ́dá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ: ìtọ́sọ́nà fún obìnrin Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Obìnrin méjì ni mo ń kọ̀wé yìí sí. Ọ̀kan ni ẹni tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé wọn yóò gé ọmú rẹ̀ kan kúrò nítorí jẹjẹrẹ. Èkejì ni ẹni tí wọ́n ti gé tiẹ̀ tipẹ́, tó ń fi àkísà tàbí fóòmù kún kọ́mú rẹ̀, tí ẹnì kan láti Èkó tàbí òkè òkun wá sọ fún pé àwọn dókítà lè fi àpò sílíkónì ṣe òmíràn sí i. Òótọ́ ni, wọ́n lè ṣe é. Ìbéèrè tí mo sì máa ń gbọ́ lẹ́nu wọn ni "Èló ni?" àti "Ṣé á jọ ti tẹ́lẹ̀?" Mi ò bá wọn jà sí i, àmọ́ èmi tí mo ti pẹ́ nínú wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ, ìbéèrè mìíràn ni mo máa ń fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ bi ara wọn: bí ibẹ̀ bá wú, tó pọ́n, lóru ọjọ́ Sátidé, ta ni mo máa pè, báwo ni mo sì ṣe máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láti Ìjẹ̀bú-Igbó tàbí Ìṣarà? Ọmú àtọwọ́dá kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi síni lára tán tí ọ̀rọ̀ parí. Ẹni tí kò bá tíì ní ibi tí yóò máa padà sí, kó má tíì dá a lé.

Ohun tí wọ́n ń fi sí àyà gan-an

Àpò ni. Sílíkónì ni wọ́n fi ṣe awọ rẹ̀. Inú rẹ̀ lè jẹ́ omi iyọ̀, irú èyí tó wà nínú dírípù, ó sì lè jẹ́ sílíkónì tó ki bí ẹ̀kọ tútù. Kì í ṣe ohun tuntun: ọdún 1962 ni wọ́n kọ́kọ́ fi oní-sílíkónì sí àyà obìnrin kan ní Houston, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Bí oní-omi iyọ̀ bá bẹ́, ọmú náà yóò sọ̀, ẹ ó sì rí i kíákíá. Ara yóò fa omi náà mu. Oní-sílíkónì rọ̀ lọ́wọ́, ó sì sún mọ́ ọmú gidi jù, àmọ́ ó lè bẹ́ kí onítọ̀hún má mọ̀ rárá. Màá padà sórí ìyẹn nígbà tó bá yá.

Ẹ tún wo ara àpò náà. Àwọn kan ń dán, àwọn mìíràn rí gbágungbàgun. Lọ́dún 2019, ilé-iṣẹ́ Allergan kó oríṣi tirẹ̀ kan tó rí gbágungbàgun, tí wọ́n ń pè ní BIOCELL, kúrò lọ́jà káàkiri àgbáyé, nítorí wọ́n rí i pé ó ní í ṣe pẹ̀lú jẹjẹrẹ kan tó ṣọ̀wọ́n, tó máa ń bẹ̀rẹ̀ nínú awọ tí ara hun yí àpò ká. Èyí tó ń dán ni kí ẹ béèrè fún. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ fi oníkejì sí yín lára, kó ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún yín títí yóò fi yé yín.

Ọ̀rọ̀ kan rèé tí mi ò fẹ́ gbàgbé, nítorí ó máa ń da àwọn obìnrin rú. Bí àwọn dókítà bá ń sọ̀rọ̀ ọmú yìí, "implant" ni ẹ ó máa gbọ́ lẹ́nu wọn, èyí sì yàtọ̀ sí implant tí àwọn nọ́ọ̀sì ìfètò-sọ́mọ-bíbí ń fi sí apá. Bí ẹ bá ní ti apá lára nígbà tí wọ́n rí jẹjẹrẹ ọmú, ẹ tètè sọ fún dókítà, nítorí họ́mónù ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ní láti yọ ọ́ kí wọ́n fi ọ̀nà mìíràn tí kò ní họ́mónù rọ́pò rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ kí wọ́n tó gé ọmú

Ọ̀pọ̀ ló ń dúró dìgbà tí ọgbẹ́ bá jinná kí wọ́n tó béèrè. Kò burú, nítorí ó ṣeé ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ó ṣeé ṣe lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Àmọ́ bí ẹ bá ti sọ ọ́ ṣáájú, oníṣẹ́ abẹ á lè ronú sí bí òun yóò ṣe la awọ. Bí jẹjẹrẹ kò bá tíì kan awọ, ó lè yọ ẹran inú ọmú kó sì fi èyí tó pọ̀ jù nínú awọ sílẹ̀, nígbà mìíràn pẹ̀lú orí ọmú. Awọ yẹn ni yóò gba àpò náà mọ́ra.

Lọ́dọ̀ wa ńkọ́? A kì í tètè dé ilé ìwòsàn. Wọ́n á ti gba àdúrà sí i, wọ́n á ti mu àgbo, wọ́n á ti fi ìpara pa á, kí wọ́n tó gbé kókó tó ti lẹ̀ mọ́ awọ dé Ṣàgámù. Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, awọ gbọ́dọ̀ bá a lọ. Ẹ má ṣe bẹ dókítà pé kó bá yín dá díẹ̀ sí nítorí ẹwà. Bákan náà, bí ó bá jẹ́ irú jẹjẹrẹ tó ń mú kí gbogbo ọmú wú kó pọ́n kó sì gbóná, láìsí kókó kan pàtó, wọn kì í fi àpò sí i lọ́jọ́ tí wọ́n gé e.

Ohun tó le jù nínú gbogbo ètò yìí ni rediéṣọ̀n, ìyẹn ìtànṣán tí wọ́n fi ń pa jẹjẹrẹ. Bí kókó bá ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, tàbí tí jẹjẹrẹ bá ti wọ kókó abíyá tó tó 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sábà máa ń ní kí aláìsàn gba rediéṣọ̀n sí àyà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ibẹ̀ ni ìjà rediéṣọ̀n àti àpò sílíkónì ti ń bẹ̀rẹ̀. Ohun àjèjì yòówù tí wọ́n bá fi sí ara, ara máa ń hun awọ tẹ́ẹ́rẹ́ yí i ká, kò sì sí ewu níbẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí rediéṣọ̀n bá ti kọjá, awọ tẹ́ẹ́rẹ́ yìí máa ń nípọn, á máa fún àpò náà pọ̀, títí ọmú á fi le gbagidi tí á sì sún sókè ju ìkejì rẹ̀ lọ. Ìpele mẹ́rin ni àwọn dókítà pín in sí. Ní ìpele kejì, ọwọ́ nìkan ló ń mọ̀ pé ó le díẹ̀. Ní ìkẹta, ojú ti ń rí i. Ní ìkẹrin, ìrora ti dé. Rediéṣọ̀n tún máa ń mú kí ọgbẹ́ pẹ́ kó tó jinná, ó sì ń jẹ́ kí kòkòrò àrùn tètè ráyè wọlé.

Torí náà, kí ẹ tó béèrè iye owó, ẹ béèrè pé: "Dókítà, ṣé màá gba rediéṣọ̀n?" Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Ẹ lè dúró: ẹ parí kímò, ìyẹn oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, ẹ gba rediéṣọ̀n yín ní ilé ìwòsàn UCH Ìbàdàn tàbí ní Ìdí-Àràbà l'Ékòó, níbi tí wọ́n ṣí ibùdó ìtọ́jú jẹjẹrẹ NSIA-LUTH sí lọ́dún 2019, kí awọ sì sinmi fún bí oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ṣì rọ̀ tó láti gba àpò. Wọ́n sì lè fi àpò tó ṣeé fẹ̀ sí i lọ́jọ́ tí wọ́n gé ọmú, kó máa di àyè mú títí rediéṣọ̀n yóò fi parí, pẹ̀lú ewu tí mo kà sílẹ̀ yìí. Ẹ̀kẹta ni kí wọ́n mú ẹran àti awọ láti ẹ̀yìn tàbí ikùn ẹni náà fúnra rẹ̀. Ẹran ẹ̀yìn lè bo àpò sílíkónì mọ́lẹ̀, ti ikùn sì lè tó láìsí àpò rárá. Mi ò ní fi tèmi pamọ́: ẹni tó ti gba rediéṣọ̀n, kó jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹran ẹ̀yìn àti ti ikùn dáadáa, kó má kàn sọ pé àpò nìkan ni òun fẹ́ nítorí pé iṣẹ́ abẹ rẹ̀ kúrú.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ sọ gbogbo òótọ́ nípa ara yín

Aṣáà ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn ìyá wa kì í kà á sí tábà. Bí dókítà bá bi wọ́n pé "Ṣé ẹ ń mu sìgá, mà?" wọ́n á ní rárá, òótọ́ ni wọ́n sì sọ. Àmọ́ níkòtíìnì tó wà nínú sìgá náà ló wà nínú aṣáà, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni pé ó ń mú kí òpó ẹ̀jẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ inú awọ fún pọ̀. Awọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó kúrò lára ọmú, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ló ṣẹ́kù tó ń lọ síbẹ̀. Bí èyí náà bá tún dín kù, awọ á dúdú, á kú, àpò á sì yọ síta. Ẹ fi aṣáà, tábà àti sìgá sílẹ̀ ó kéré tán fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú, kí ẹ má sì padà sí i títí ọgbẹ́ yóò fi jinná.

Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ mú ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀ kí wọ́n tó dá ọjọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru náà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí jẹnotáìpù rẹ̀ jẹ́ SS, kó sọ ọ́ fún dókítà tó máa fún un ní oògùn oorun, kó má rò pé wọ́n á rí i nínú fáìlì. Àgbo ńkọ́? Ẹ sọ gbogbo èyí tí ẹ ń mu, kí ẹ sì dáwọ́ rẹ̀ dúró ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, nítorí àwọn mìíràn kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dá. Asipírínì náà wà nínú èyí, àmọ́ bó bá jẹ́ pé dókítà ló kọ ọ́ fún yín nítorí ọkàn, òun náà ni kó sọ ìgbà tí ẹ ó dá a dúró. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ parí kímò, wọ́n sábà máa ń jẹ́ kó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin kí ẹ̀jẹ̀ lè padà bọ̀ sípò.

Àpá ńkọ́? Ẹni tí àpá etí rẹ̀ tàbí ti abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wú, tó le, tó ń yún un, ìyẹn kélọ́ìdì. Ó wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú, àárín àyà sì jẹ́ ọ̀kan lára ibi tó fẹ́ràn jù. Ẹ fi àpá àtijọ́ han oníṣẹ́ abẹ kó tó fa ìlà síbi tí yóò gbà. Bí kélọ́ìdì bá yọ lẹ́yìn náà, bébà sílíkónì àti abẹ́rẹ́ sítẹ́rọ́ìdì lè mú kó rọlẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: dókítà, ilé ìwòsàn àti owó

Ẹni tó ń gé ọmú àti ẹni tó ń ṣe òmíràn lè jẹ́ ẹni méjì. Dókítà oníṣẹ́ abẹ ìtúnraṣe ni ẹ ń wá, ẹni tó ti gba ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tàbí ti ilẹ̀ wa lórí iṣẹ́ yẹn gan-an. Ẹni tó wà ní Rẹ́mọ lè bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwòsàn OOUTH ní Ṣàgámù tàbí ilé ìwòsàn Babcock ní Ìlíṣàn, kí ó béèrè ẹni tó ń ṣe é àti bí wọ́n ṣe ń fi aláìsàn ránṣẹ́. UCH Ìbàdàn, LUTH àti ilé ìwòsàn Ìgbóbì ní Èkó ní ẹ̀ka ìtúnraṣe. Ẹ ṣọ́ra fún àwọn ilé ẹwà tó ń polówó lórí Instagram pé àwọn ń fẹ ọmú. Ẹni tó ń fi àpò sí ọmú tí ara rẹ̀ le àti ẹni tó ń ṣe é sí àyà tí jẹjẹrẹ ti kọjá, iṣẹ́ wọn kì í ṣe ọgbọọgba.

Ẹ bi dókítà yìí léèrè iye èyí tó ti ṣe fún ẹni tí wọ́n gé ọmú rẹ̀, kó fi fọ́tò àwọn aláwọ̀ dúdú hàn yín, kó sì sọ ẹni tó máa gbé fóònù lóru bó bá rin ìrìn àjò. Bí ìbéèrè ìkẹyìn yẹn bá bí i nínú, ẹ wá ẹlòmíràn.

Ẹ béèrè àpò náà fúnra rẹ̀ pẹ̀lú: ta ló ṣe é, ṣé NAFDAC mọ̀ ọ́n, ṣé inú páálí tí wọn kò tíì ṣí ni wọ́n ti máa mú un jáde. Mo ní ìdí tí mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ PIP ní ilẹ̀ Faransé ń fi sílíkónì tí kì í ṣe ti ìṣègùn kún àpò láti dín owó kù, títí àwọn aláṣẹ fi dá ọjà rẹ̀ dúró lọ́dún 2010. Àwọn àpò yẹn ti dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kó tó di pé àṣírí tú.

Nípa owó, ẹ má gba iye kan ṣoṣo lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: àpò, tíátà, oògùn oorun, bẹ́ẹ̀dì, oògùn, iṣẹ́ abẹ kejì bó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n máa ṣe é, àti títún ọmú kejì ṣe kí wọ́n lè dọ́gba. Ẹ̀yin fúnra yín ẹ fi owó mọ́tò kún un, nítorí ìrìn yẹn kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ẹni tó wà lábẹ́ ìbánigbófò ìlera, kó gba ìdáhùn wọn ní kíkọ, nítorí ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa ń ka èyí sí ọ̀rọ̀ ẹwà.

Ibi tí mo ti máa ń bá wọn fà á rèé: ẹ má ṣe yọ lára owó kímò tàbí ti rediéṣọ̀n ra àpò. Mo mọ̀ pé Ojúde Ọba ń bọ̀, régberégbe ti yan léèsì, ẹni tó bá sì dá wà pẹ̀lú ọmú kan nínú aṣọ tí wọ́n rán mọ́ ara yóò máa rò pé gbogbo Ìjẹ̀bú-Òde ló ń wo òun. Télọ̀ tó mọṣẹ́ lè rán àpò kékeré sínú kọ́mú, kí ẹ ki ọmú sílíkónì tí wọ́n ń tà fún wíwọ̀ sínú aṣọ sínú rẹ̀, tàbí èyí tí wọ́n fi òwú hun. Bí ọgbẹ́ bá ti jinná, bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ lè máa lò ó, léèsì á sì jókòó. Àwọn kan lò ó títí, wọn kò sì wá nǹkan mìíràn mọ́, ìdí wọn sì dára tó.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: tíátà, àti bí awọ ṣe ń fẹ̀

Ọ̀nà méjì ló wà. Bí awọ tó ṣẹ́kù bá tó, tó sì ní ìlera, wọ́n lè fi àpò gidi sí i lọ́jọ́ náà gan-an, yálà lábẹ́ iṣan àyà tàbí lórí rẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni ẹlẹ́ẹ̀mejì: wọ́n á kọ́kọ́ fi àpò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo sí i, wọ́n á wá máa fi omi iyọ̀ kún un díẹ̀díẹ̀ kí awọ lè máa fẹ̀, tó bá yá wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tí yóò wà níbẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń kún un ni ó máa ń ba àwọn obìnrin lẹ́rù jù, kò sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tó bá ti tó bí ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ ṣe iṣẹ́ abẹ ni wọ́n sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ ó dùbúlẹ̀ gbalaja. Nọ́ọ̀sì tàbí dókítà á gbé mágínẹ́ẹ̀tì kékeré kan lé àyà yín, á máa sún un kiri títí yóò fi dúró síbi tí ẹnu àpò náà wà lábẹ́ awọ, á sì fi bírò sàmì síbẹ̀. Wọ́n á fi oògùn apakòkòrò nu ibẹ̀, wọ́n á gún abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wọlé. Ọ̀pọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lára, nítorí awọ ibẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ìfọwọ́kàn mọ́. Omi iyọ̀ á wọlé, 50 sí 100 mílílítà lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó sì máa rí i tí àyà ń ga díẹ̀díẹ̀ lójú ara yín. Ó máa ń fún ni. Bí ó bá fún jù, ẹ sọ̀rọ̀, wọ́n lè fa díẹ̀ padà. Pàrásítámọ́ọ̀lù á kápá ìrora ọjọ́ kìíní àti ìkejì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì ẹ ó tún padà wá, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì máa lọ fún oṣù mélòó kan. Ẹni tó ń ti Àgọ́-Ìwòyè lọ sí Èkó fún èyí, kó béèrè bóyá nọ́ọ̀sì kan wà nítòsí tí dókítà lè kọ́.

Nítorí mágínẹ́ẹ̀tì tó wà lẹ́nu àpò yẹn, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gbọ́dọ̀ wọ ẹ̀rọ MRI, èyí tó ń fi mágínẹ́ẹ̀tì ńlá ya àwòrán inú ara. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ lọ ṣe MRI ẹ̀yìn tàbí orí lákòókò náà, ẹ kọ́kọ́ sọ fún un pé àpò yìí wà láyà yín.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ilé

Ẹ ó bá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tàbí méjì wálé, tó ń fa omi ọgbẹ́ sínú ìgò kékeré. Ẹ má jẹ́ kó máa fì. Ẹ fi pín-ìnnì so ó mọ́ aṣọ. Láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹ fọ ọwọ́, ẹ da omi rẹ̀ sínú ife òṣùwọ̀n, ẹ kọ iye rẹ̀ sínú ìwé, ẹ tẹ ìgò náà kí afẹ́fẹ́ jáde kí ẹ tó dé e padà. Ní àkọ́kọ́ á pupa, lẹ́yìn náà á pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Bó bá ti wálẹ̀ sábẹ́ 30 mílílítà lójúmọ́ fún ọjọ́ méjì léraléra, wọ́n sábà máa ń yọ ọ́. Bó bá dáwọ́ dúró lójijì tí ọmú sì ń wú, rọ́bà ti dí nìyẹn. Ẹ pe ilé ìwòsàn.

Bùbá kò ní ṣeé gbà sọ́rùn fún ìgbà díẹ̀, ẹ ra ṣẹ́ẹ̀tì tó ní bọ́tìnì níwájú. Láti ọjọ́ kejì ni kí ẹ ti máa di ẹ̀ṣẹ́ kí ẹ sì máa tú u, kí ẹ máa ká ìgúnpá, kí ẹ má sì gbé apá kọjá èjìká títí rọ́bà yóò fi jáde. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kọjú sí ògiri, kí ẹ máa fi ìka gùn ún lọ sókè lójoojúmọ́. Fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ má ru ẹrù, ẹ má gún iyán, ẹ má yan gàrí. Ẹni tó ń yan gàrí tà mọ̀ pé apá kì í sinmi nídìí agbada, ooru iná yẹn kò sì dára fún ọgbẹ́ tútù; kó wá ẹni tó máa dúró fún un ṣáájú. Ẹ má gun ọ̀kadà. Nínú mọ́tò, ẹ fi ìrọ̀rí kékeré sáàárín bẹ́líìtì àti àyà.

Àwọn ìyá wa máa ń wá tọ́jú aláìsàn, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n sì máa ń dá lé ni omi gbígbóná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn pé ti èyí yàtọ̀ sí ti ìkókó. Awọ tó bo àpò náà kò mọ ohun tó gbóná mọ́. Aṣọ tí ẹ kì bọ inú omi gbígbóná á bó o, ẹni náà kò sì ní mọ̀ títí yóò fi lé ròrò. Rọ́ọ̀bù àti àádì kò gbọ́dọ̀ débẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì wọ́ ọ.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ dúró sí pẹ́ rèé: ìgbóná ara. Lọ́dọ̀ wa, bí ara ẹnì kan bá ti gbóná, ibà ni. Wọ́n á lọ sí kẹ́mísìtì, wọ́n á ra oògùn ibà, lọ́jọ́ kẹta wọ́n á ní ó ti di tífọ́ìdì, wọ́n á gbé dírípù kọ́. Lákòókò yẹn kòkòrò àrùn ti lẹ̀ mọ́ ara àpò, níbi tí ẹ̀jẹ̀ kò ti lè gbé oògùn débẹ̀ dáadáa. Bí wọ́n bá tètè rí i, oògùn tó lágbára àti fífọ ibẹ̀ nínú tíátà lè gba àpò náà là nígbà mìíràn. Bí ó bá pẹ́, yíyọ ni yóò gbà, á sì tó bí oṣù mẹ́fà kí wọ́n tó gbìyànjú òmíràn. Bó bá sì jẹ́ ẹni tó ń dúró de kímò ni, kímò náà á dúró. Nítorí náà, bí ara bá gbóná tó 38 lórí ohun tí wọ́n fi ń wọn ìgbóná, tàbí tí ọmú pọ́n, tó ń gbóná ju ìkejì lọ, tó wú lójijì, tí ọyún tàbí omi olóòórùn ń jáde lójú ọgbẹ́, ilé ìwòsàn tó fi àpò sí i ni kí ẹ lọ lọ́jọ́ náà. Wọ́n lè ṣe àyẹ̀wò ibà pẹ̀lú, àmọ́ kí wọ́n ṣí aṣọ wo àyà ná. Awọ tó bá ń dúdú létí ọgbẹ́ náà kì í ṣe ohun tí ẹ ó máa wò títí di ọjọ́ àpọ́íńtì. Lóòótọ́, lára àwa aláwọ̀ dúdú, kì í tètè hàn pé ibì kan pọ́n. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án, kí ẹ fi wé ìkejì.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: pípààrọ̀, dídọ́gba àti orí ọmú

Pípààrọ̀ àpò ìfẹ̀ sí àpò gidi kò le tó ti àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ yẹn tàbí lẹ́yìn náà ni wọ́n lè gbé ọmú kejì sókè tàbí dín in kù, nítorí ọmú àtọwọ́dá máa ń dúró gbọnìn, èyí tó ti fún ọmọ mẹ́rin lọ́yàn kò ní bá a dọ́gba. Orí ọmú máa ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, wọ́n ń fi awọ ibẹ̀ ká a, wọ́n á sì fín rìbìtì dúdú yí i ká; bí ẹ bá fẹ́, wọ́n lè fín in nìkan láìká ohunkóhun. Kò ní mọ ìfọwọ́kàn bíi ti tẹ́lẹ̀, kò sì lè fún ọmọ lọ́yàn. Ọkọ náà yẹ kó gbọ́ èyí lẹ́nu dókítà, kó má jẹ́ inú yàrá ni yóò ti máa mọ̀ ọ́n.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan

Àpò yìí kì í ṣe ti ọjọ́ ayé. Bí ó ti ń pẹ́ sí i ni ó túbọ̀ ń ṣeé ṣe pé wọn yóò tún ibẹ̀ ṣí, ọ̀pọ̀ sì ń padà sí tíátà láàárín ọdún 10 sí 20. Mo ti sọ pé oní-sílíkónì lè bẹ́ ní ìdákẹ́jẹ́. Ohun tí FDA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó oògùn àti ohun èlò ìṣègùn, dá ní àbá ni kí wọ́n fi MRI tàbí ọ́tírásáǹdì yẹ̀ ẹ́ wò ní ọdún karùn-ún sí ìkẹfà, lẹ́yìn náà ní ọdún méjì sí mẹ́ta síra wọn. Ọ́tírásáǹdì kò jìnnà sí wa, ẹ lè fi ìyẹn ṣe é.

Bí ọmú bá dédé wú lẹ́yìn ọdún púpọ̀, tí omi kún ibẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ wò ó bóyá jẹjẹrẹ tó ṣọ̀wọ́n tí mo mẹ́nu kàn lókè ni: kí wọ́n fa omi náà fún àyẹ̀wò. Bí wọ́n bá bá a níbẹ̀rẹ̀, yíyọ àpò àti awọ tó yí i ká sábà máa ń tó. Ọmú tí wọn kò gé, ẹ ṣì ní láti máa ṣe mamogíráàmù rẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ọmú. Ní ti ìhà tí wọ́n gé, ẹ máa fi ìka wo awọ àti ojú àpá lóṣooṣù, nítorí bí jẹjẹrẹ bá fẹ́ padà síbẹ̀, abẹ́ awọ ló sábà máa ń wà, lórí àpò, níbi tí ọwọ́ ti lè bá a.

Lára páálí àpò ni ìwé kékeré kan wà tó ní orúkọ ilé-iṣẹ́, ìwọ̀n àti nọ́ńbà àpò náà. Wọ́n gbọ́dọ̀ lẹ ọ̀kan mọ́ fáìlì, kí wọ́n sì fún yín ní ìkejì kí ẹ tó kúrò ní wọ́ọ̀dù. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ọmọ tàbí àbúrò kan. Nígbà tí Allergan kó ti rẹ̀ kúrò lọ́jà, nọ́ńbà yẹn nìkan ni obìnrin kan fi lè mọ̀ bóyá èyí tó wà láyà òun wà lára wọn.